Wọ́n mú ọmọ mi fún NUGA, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ò gbà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ ọdún 19 ni ọmọbìnrin mi, ó wà ní ọdún kejì nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì ìjọba kan. Eré 400 mítà ló ń sá. Wọ́n ti mú un mọ́ àwọn tó máa ṣojú ilé ẹ̀kọ́ wọn ní NUGA tó ń bọ̀, ìyẹn ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, 400 mítà àti 4x400 tí wọ́n ń gbé ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ní kò ní lọ. Ó ní ìwé la rán an lọ kà, àti pé ẹ̀jẹ̀ AS ló ní, eré líle lè ṣe é ní jàǹbá. Èmi fẹ́ kó lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan tún wà tó ní òun á bá a gba sikọ́láṣípù eré sísá ní Amẹ́ríkà. Ó ń béèrè ₦850,000 báyìí, ó sì ní òun á gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó sikọ́láṣípù náà tó bá bọ́ sí i. Kí ni ká ṣe? Bó bá sì lọ, ṣé kí n lọ wò ó?

Ìdáhùn: Ẹ kú àmójútó ọmọ, mà. Ẹ jẹ́ kó lọ.

Mo tètè sọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé ilé ò ní fara rọ títí ọ̀rọ̀ yìí á fi yanjú. Mi ò sọ ọ́ láti fojú bàbá rẹ̀ gbolẹ̀ o. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní eré sísá, tí mò ń kó wọn wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìdíje, tí mo sì ń kó wọn padà. Ohun tí ojú mi rí ni pé nǹkan tó ń ba tàwọn ọmọ yìí jẹ́ kì í sábà wà lórí pápá. Inú fáìlì ló máa ń wà, tàbí nínú ife àgbo, tàbí lẹ́nu ẹni tó ń ṣèlérí ìlú òyìnbó. Ọmọ á ti gbára dì, ẹsẹ̀ á ti yá, lẹ́tà kan ṣoṣo tẹ́nikẹ́ni ò kọ ní oṣù méjì sẹ́yìn á wá sọ ayọ̀ di ẹkún. Ẹ̀rù tó yẹ kó ba bàbá ló ń bà á. Ibi tó kọjú ẹ̀rù náà sí nìkan ni mo fẹ́ bá a yí padà díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n pe ọmọ yín sí. Ọdún 1966 ni wọ́n ṣe NUGA àkọ́kọ́, ní Yunifásítì Ìbàdàn, nígbà tí yunifásítì ò ju márùn-ún lọ ní Nàìjíríà: Ìbàdàn, Nsukka, Ifẹ̀, Zaria àti Èkó. Ọdún méjì-méjì ló yẹ kó máa wáyé, ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kọ́ ló máa ń rí. UNILAG gbà á lálejò ní oṣù kẹta ọdún 2022, ó sì di oṣù kejì ọdún 2025 kí èyí tó tẹ̀ lé e tó wáyé ní Jos. Ẹ wo àlàfo yẹn dáadáa, mà. Ọmọ tó wà ní ọdún kejì lónìí, tí ẹ bá ní kó dúró di ìgbà mìíràn, ó ṣeé ṣe kó ti wọṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́yege kí òmíràn tó dé. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni àǹfààní yìí ń yọjú nínú ayé akẹ́kọ̀ọ́.

NUGA nìkan kọ́ ló sì wà níbẹ̀. Òkè rẹ̀ ni eré àwọn yunifásítì gbogbo Áfíríkà, èyí tí UNILAG àti LASU jọ gbà lálejò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Òkè èyí náà ni eré àwọn yunifásítì àgbáyé tí àjọ FISU ń ṣe. Wọ́n ṣe é ní Chengdu ní Ṣáínà ní 2023, wọ́n ṣe é ní Jámánì ní 2025, Chungcheong ní South Korea ni ti 2027. Ẹni tó bá máa lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tàbí kó jẹ́ pé ọdún tó ṣáájú ìdíje náà ló gboyè, ọjọ́ orí rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kọjá 25. Àwọn kan máa ń rò pé eré ọmọléèwé lásán ni. Ní irú ìdíje yìí, ní Mexico City ní 1979, ni Pietro Mennea ará Ítálì ti sá 200 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 19.72. Kò sẹ́ni tó sá jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé yìí títí di 1996.

Ẹ bi bàbá rẹ̀ bóyá ó rántí ọdún 1996 náà, ní Atlanta. Mo mọ̀ pé á rántí bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n Falilat Ogunkoya, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn, gba idẹ nínú 400 mítà ní Òlíḿpíìkì yẹn pẹ̀lú 49.10, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba fàdákà nínú 4x400. Eré méjì tí wọ́n mú ọmọ yín fún gẹ́lẹ́ nìyẹn. Falilat ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sáré fún yunifásítì rí, ní Mississippi State. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Rhasidat Adeleke, tí àwọn òbí rẹ̀ ọmọ Nàìjíríà bí sí Dublin. Ní 2023, nígbà tó ń kàwé ní Yunifásítì Texas, òun ló gba ipò kìíní nínú 400 mítà ní ìdíje NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. 49.20 ló sá a. Ìwé àti eré wà lọ́wọ́ wọn pọ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n jù ọ̀kan nù.

Ó wá ku bí tiyín ò ṣe ní dàrú.

Ní ọdún kan báyìí, mo ní ọmọkùnrin kan tó ń sá 800 mítà. Ọmọ tó gbọ́n ni, tó mọ ìwé. Kó tó di pé a lọ sí ìdíje, ó lọ bá olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Kò burú, máa lọ, gba wúrà bọ̀ fún wa.” Ọmọ lọ, ó gba fàdákà. Nígbà tó fi máa dé, wọ́n ti yí olórí ẹ̀ka padà. Olùkọ́ tó ṣe tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn rẹ̀ ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ìdíje, pé ọmọ ò sí ní kíláàsì ni òun mọ̀. Kò parọ́. Kò sí ìwé kankan nínú fáìlì. Kọ́ọ̀sì méjì lọ́mọ náà pàdánù, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ó fi odidi ọdún kan kún ọdún rẹ̀ ní yunifásítì. Èmi ni akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, èmi ló yẹ kí n béèrè lẹ́tà, mi ò béèrè. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Láti ìgbà náà, bọ́ọ̀sì mi kì í gbé ọmọ tí kò bá ní lẹ́tà. Bó ṣe yẹ kí lẹ́tà náà rí nìyí. Ọ́fíìsì eré ìdárayá yunifásítì ló máa kọ ọ́, kì í ṣe ọmọ fúnra rẹ̀. Olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa kọ ọ́ sí, wọ́n á sì fún díìnì àti olùkọ́ tó ń bójú tó ìdánwò ní ẹ̀ka náà ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí wọ́n máa gbéra àti ọjọ́ tí wọ́n máa padà gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, títí kan ọjọ́ ìpàgọ́. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ gbogbo kọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ fún ní sáà yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ń béèrè ní láti ṣe kedere: kí wọ́n ka ọjọ́ tí kò fi ní sí ní kíláàsì sí iṣẹ́ yunifásítì, kí wọ́n sì fún un ní ọjọ́ mìíràn fún tẹ́ẹ̀sì tàbí ìdánwò tó bá bọ́ sí àárín. Kí ọmọ wá mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ, kí akọ̀wé ẹ̀ka lu òǹtẹ̀ “a ti gbà á” sí i, kó sì kọ ọjọ́ sí i. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ fi pa mọ́ sílé. Ẹ má fi síkàáwọ́ ọmọ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn rèé. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹni tí kò bá wá sí kíláàsì tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ò ní wọlé ìdánwò. Máàkì tẹ́ẹ̀sì sì lè tó 30 tàbí 40. Ìpàgọ́ ọ̀sẹ̀ méjì àti ìdíje ọjọ́ mẹ́wàá tó láti jẹ gbogbo ìyẹn tán bí wọ́n bá kà á sí ìsáǹsá. Ìwé òfin akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tó wọlé máa ń sọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá lọ ṣojú ilé ẹ̀kọ́. Kó wá ojú ewé náà, kó kọ nọ́ńbà òfin ọ̀hún sínú lẹ́tà. Olùkọ́ tó bá fẹ́ ṣagídí á rọlẹ̀ nígbà tó bá rí òfin ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Kó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀la tí orúkọ bá ti jáde, kó má dúró de ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń kẹ́rù. Kò sì gbọdọ̀ ní, “wọ́n lè yanṣẹ́ lódì, kò ní sí ìdánwò.” Òótọ́ ni pé ASUU wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì nígbà tí wọ́n ṣe NUGA ti UNILAG ní 2022. Àwọn ọmọ ń sáré, kíláàsì wà ní títì. Ẹni tó bá fi èyí ṣe ìlànà ń fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni. Kó tún bá ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì sọ̀rọ̀ ṣáájú, kì í ṣe ẹnì kan, kí wọ́n máa ya àwòrán ìwé àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Mo ti rí ọmọ tó ń ka ìwé ìṣirò owó lábẹ́ iná ìta ilé tí wọ́n fi wọ́n wọ̀ sí, pẹ̀lú yìnyín lórí orúnkún. Ó yege.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ AS, nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ sí mi, ti bàbá rẹ̀ yìí ló wúwo jù. Ẹ bá mi kí i. Ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ni kì í béèrè rárá.

AS kì í ṣe SS. SS ni àrùn tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, bí ẹnì kan ló ní AS, ọ̀pọ̀ wọn sì ń ṣe eré ìdárayá títí dé òkè tente láìsí wàhálà. Nítorí náà AS ò ní kọ́mọ má sáré. Ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ní 2006, ní Rice University ní ìlú Houston, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà sá 100 yáàdì nígbà 16. Ọmọ ọdún 19 kan nínú wọn, tó ní AS tí kò sẹ́ni tó mọ̀, ṣubú, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. Àwọn ẹbí rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Láti 2010 ni NCAA ti fi dandan lé e ní ìpele rẹ̀ tó ga jù pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ eléré kọ̀ọ̀kan wò, àfi tó bá ní èsì lọ́wọ́. Wọn ò ṣe é láti lé àwọn AS kúrò. Wọ́n ṣe é kí akọ́nimọ̀ọ́gbá lè mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, mà. Kì í ṣe ìje kan ló pa ọmọ yẹn. Ìgbáradì ni, eré tó ń tẹ̀ lé eré láìsí ìsinmi tó tó. Bí ara bá ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀ láìmí dáadáa, ẹ̀jẹ̀ AS lè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ kọrọdọ bíi ti SS, á dí ojú òpó tóóró, iṣan á máa bàjẹ́, ìdọ̀tí rẹ̀ á sì kọlu kíndìnrín. Òòrùn, òùngbẹ àti ibà máa ń mú un yá. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsinmi gígùn ló léwu jù, nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ń fẹ́ kí ara wọn tètè bọ́ sípò.

Nítorí náà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i ní ilé ìwòsàn tó dáa, kí ẹ gba ìwé rẹ̀. Kí dókítà gbọ́ ọkàn rẹ̀ náà, kó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó wo bí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀dà ìwé yẹn ni kó fún akọ́nimọ̀ọ́gbá àti dókítà ẹgbẹ́. Kó bá wọn ṣe àdéhùn pé òun á máa sinmi tó láàárín ìsáré kan sí èkejì, pé wọn ò ní fi eré sísá fìyà jẹ òun bí òun bá pẹ́ dé, pé omi á wà nítòsí, pé bí ibà bá ń ṣe òun òun ò ní jáde. Bí wọ́n bá ń lọ sí ibi tó ga bíi Jos, tó fi bíi 1,200 mítà ga ju òkun lọ, kí wọ́n lọ ṣáájú ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n sì rọra bẹ̀rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá bínú sí àdéhùn yìí, ẹ jẹ́ kó bínú.

Kí ọmọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì mọ àmì rẹ̀, torí ó máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tí iṣan kì lásán á figbe ta, iṣan ọ̀hún á le bí òkúta. Ti AS ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ á kàn rọ̀, ọmọ á jókòó wọ̀ọ̀, á ní kò sí agbára, iṣan rẹ̀ ò ní le, ó ṣì lè máa sọ̀rọ̀. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni, pé kó dìde. Kò gbọdọ̀ dìde. Kí wọ́n gbé e sí ibòji, kí wọ́n fi omi tù ú lára, kí wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bó bá wà, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sọ fún dókítà ní ẹnu ọ̀nà pé AS ni.

Bí a ti ń sọ̀rọ̀ ara yìí, ohun kan wà tí ìyá ló lè béèrè. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dáwọ́ dúró nígbà ìgbáradì, kí ó má rò pé ara rẹ̀ ti le ni. Oúnjẹ rẹ̀ ò tó ìṣẹ́ tó ń ṣe ni, eegun rẹ̀ á sì jẹ gbèsè náà. Ọmọ tó ń sá 400 mítà tó ń fi gààrí mímu sùn ní ilé tí wọ́n ń gbé ò lè pẹ́ kó tó dùbúlẹ̀. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́, kó máa jẹ ẹ́ dáadáa.

Kó jìnnà sí àgbo ìta o. Mi ò ní ohunkóhun lòdì sí ewé àti egbò, ìyá mi náà fi wò wá. Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń po oògùn òyìnbó mọ́ àgbo tí wọ́n ń tà, kó lè yára ṣiṣẹ́. Òfin àjọ tó ń gbógun ti oògùn nínú eré ò béèrè ẹni tó pò ó. Ohun tó bá wà nínú ìtọ̀ rẹ ni tìrẹ. Tramadol tí àwọn ọmọ ń lò bíi pé kò jẹ́ nǹkan ti wọ inú àkójọ èèwọ̀ ọjọ́ ìdíje láti oṣù kìíní ọdún 2024. Prednisolone àti dexamethasone tí àwọn obìnrin wa ń gbé mì nítorí kí wọ́n lè sanra, èèwọ̀ lọ́jọ́ ìdíje ni. Ephedrine tó máa ń wà nínú àwọn oògùn ikọ́ àti kàtá kan, èèwọ̀ ni bó bá kọjá ìwọ̀n. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, kí dókítà mọ̀ pé eléré ìdárayá ni kó tó kọ oògùn. Bó bá jẹ́ oògùn yẹn nìkan ló lè wò ó, ìwé àṣẹ wà tí wọ́n ń gbà fún un.

Ó tó àsìkò ká sọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni ₦850,000.

Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, mi ò sì pè é lólè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti tó. Òfin NCAA gbà kí ènìyàn gba iye owó kan pàtó láti bá ọmọ pín àkọsílẹ̀ eré rẹ̀ fún àwọn yunifásítì. Kò gbà kí iye náà dúró lórí sikọ́láṣípù tí ọmọ bá rí. Ìdá mẹ́wàá tó ń béèrè yẹn gan-an lè sọ ọmọ yín di ẹni tí kò lè sáré níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí ò ní dá a lábàá. Sikọ́láṣípù eré ò sì ní ọ̀nà ẹ̀bùrú. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá Amẹ́ríkà ń wá àkókò tí wọ́n fi aago oníná wọ̀n, lórúkọ ìdíje tí wọ́n lè rí. Ọmọ lè fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kó fi èsì rẹ̀, fídíò rẹ̀ àti èsì WAEC rẹ̀ ránṣẹ́. Owó ìforúkọsílẹ̀ kan wà tí àjọ NCAA ń gbà láti yẹ ìwé wò, orí ìkànnì wọn ni wọ́n sì ti ń san án, kì í ṣe lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kankan. NUGA tí bàbá ń kọ̀ fún yìí wà lára ibi tó ti lè rí àkókò tó ní láárí.

Ohun kan wà tí irú àwọn ọ̀gbẹ́ni yẹn kì í sọ, bóyá wọn ò mọ̀ ọ́n, bóyá wọ́n mọ̀. Ìpele tó ga jù ní NCAA ní aago. Ọdún márùn-ún lọmọ ní láti fi sáré, aago náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún ní yunifásítì èyíkéyìí láyé. Tí ẹ bá gbọ́ “èyíkéyìí,” Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ọmọ yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọdún tirẹ̀ láti ọjọ́ tó wọlé. Ìyanṣẹ́lódì olùkọ́ kì í sì dá a dúró fúnra rẹ̀. Bó bá parí oyè ọdún mẹ́rin níbí kó tó lọ, ọdún kan péré ló lè kù fún un. Mo mọ àwọn ọmọ tó yára bí ọfà tí wọ́n dé ọ̀hún tí wọ́n wá gbọ́ pé àkókò ti tán. Wọ́n ń tún àwọn òfin yìí ṣe lemọ́lemọ́ láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, pàápàá láti 2025 tí wọ́n ti gbà kí àwọn yunifásítì máa sanwó fún eléré ní tààrà, nítorí náà ìwé òfin ti ọdún tí ẹ wà ni kẹ́ ẹ kà. Ẹ má gba ti ọdún tó kọjá gbọ́, ẹ má sì gba tèmi gbọ́ láìkà á. Owó tí wọ́n ń san yẹn pàápàá, ọmọ tó bá lọ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ ò lè kàn nawọ́ gbà á, torí físà náà ní òfin iṣẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú yín, méjèèjì ló dáa. Bó bá fẹ́ lọ Amẹ́ríkà, kó tètè kọ̀wé lẹ́yìn ìdíje yìí, kó béèrè bí wọ́n ṣe máa ka kọ́ọ̀sì tó ti ṣe níbí. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, wà ní yunifásítì Texas ní El Paso nígbà tó gba ipò kìíní NCAA ní 2017 nínú 100 mítà tí wọ́n ti ń fo igi. Ọlápadé Adeniken ọmọ Òṣogbo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà ṣáájú rẹ̀. Ọ̀nà náà ti là tipẹ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà Tobi sá 12.12 ní Eugene, kò sì tíì sí obìnrin kankan tó sá bẹ́ẹ̀ rí. Pápá yunifásítì Oregon ló ti sá a. Bó bá sì fẹ́ parí níbí, kó parí níbí. NUGA wà, eré Áfíríkà wà, ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì gbà á fún FISU títí dé 25, oyè ìṣirò owó rẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ni kó sọ èyí tó wù ú. Mi ò rí i nínú ìwé yín pé ẹnì kan bi í.

Kó tó gbéra, ẹ béèrè orúkọ obìnrin tó jẹ́ olùdarí nínú ẹgbẹ́ àti nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí àwọn obìnrin máa sùn àti ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́. Kí ọmọ mọ̀ pé kò sí ìgbáradì tó ń wáyé ní yàrá akọ́nimọ̀ọ́gbá, bó ti wù kí ọ̀gá náà lókìkí tó, àti pé bí nǹkan kan bá ṣe é, kó pè yín lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ò ní bi í léèrè ohun tó wọ̀. Ìbéèrè yìí kì í bí ọ́fíìsì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú.

Ẹ bi mí bóyá kẹ́ ẹ lọ wò ó. Ẹ lọ, mà, kí ẹ sì mú bàbá rẹ̀ dání. Ìparí eré orí pápá ni wọ́n sábà máa ń sá 4x400, nígbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀. Ẹ má jókòó sí àárín ibi tí àwọn ọ̀gá wà. Ẹ lọ dúró níbi tí ọ̀nà ti yí kẹ́yìn, níbi tó ku 100 mítà. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ máa ń wúwo fún ẹni tó ń sá 400, ibẹ̀ sì ni ohùn ẹni tó bímọ máa ń wọ etí wọn. Kí bàbá rẹ̀ ló pe orúkọ rẹ̀.